Àyè Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá Kí Ẹ Tó Mú Àwòrán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹni ọdún 31, mo sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Leeds. Ó ti pẹ́ tí tátúù máńdálà, ìyẹn àwòrán òbìríkítí onípele-ìpele, ti ń wù mí, mo sì ti rí ọ̀kan lórí fóònù tó ní ìpele mẹ́sàn-án, tó kún fún ìlà tín-ín-rín. Àárín àyà tàbí ọrùn ọwọ́ ni mo ń rò. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé nígbà tí mo tún etí mi lu, ojú ibẹ̀ wú síta títí wọ́n fi ní láti gé e kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, irú àwòrán wo ni kí n mú, ibo ni kí n sì yà á sí?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ọ̀rọ̀ etí yẹn pa mọ́, nítorí òun gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú. Àpá tó bá wú kọjá ojú ọgbẹ́, tó sì ń tàn síwájú lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná, ni àwọn dókítà ń pè ní keloid, ó sì máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Abẹ́rẹ́ tátúù a máa gún awọ ara ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìjókòó kan ṣoṣo, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti wú nítorí ihò etí kan kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èyí. Àárín àyà, èjìká àti òkè ẹ̀yìn wà lára ibi tí irú àpá bẹ́ẹ̀ ti máa ń yọ jù lọ, nítorí náà ẹ gbàgbé àárín àyà pátápátá. Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n gún yín ní apá nígbà tí ẹ wà ní ìkókó: bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ṣe ìtùnú díẹ̀, bí ó bá le tó sì yọ síta, ìkìlọ̀ kejì nìyẹn. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ lọ rí dókítà awọ ara kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ní kí ẹ má ṣe é, èmi kò ní dá yín lábàá pé kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Bí dókítà bá yọ̀ǹda, a ti lè wá sọ̀rọ̀ àyè. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá mi ya tátúù pé àyè ló yẹ kí wọ́n wá kí wọ́n tó mú àwòrán, máńdálà ló sì mú mi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nínú èdè Sáńsíkírítì, òbìríkítí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, láti ojú àárín kan ṣoṣo ni a sì ti ń wọn ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Òdòdó lásán lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó ṣì máa jẹ́ òdòdó, ṣùgbọ́n máńdálà tí ìhà kan rẹ̀ kò bá ìkejì mu ti bàjẹ́ lójú gbogbo ẹni tó bá rí i, ọmọdé pàápàá á mọ̀. Ara èèyàn kò sì tẹ́ bíi bébà. Tí mo bá ti tẹ àwòrán aláwọ̀ àlùkò tí abẹ́rẹ́ máa tọ̀ sí apá ẹnì kan, mo máa ń ní kó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, kó tún dà á bolẹ̀. Lójú wa báyìí ni òbìríkítí náà á ṣe fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí á sì dà bí ẹyin, pàápàá bó bá sún mọ́ ọrùn ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ ọrùn ọwọ́ tí ẹ dárúkọ. Ibẹ̀ tóóró, ó ń yí ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ń fi ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò fọ ọwọ́ yín láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Inú apá, ní ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀ níbi tí ẹran ti kún, ni èmi yóò mú fún yín. Kì í yí púpọ̀, kì í sì í dunni tó orí egungun ìhà tàbí igbá àyà. Ẹ dúró ṣánṣán kí apá yín wà nílẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń rìn lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó tẹ àwòrán náà sí i. Ẹ má gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá na apá lórí tábìlì.

Àyè yìí ni yóò wá sọ irú àwòrán tí yóò gbà. Ká ní òbìríkítí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 ló gba ibẹ̀, láti àárín dé etí rẹ̀ kò ju mìlímítà 35 lọ, bí ẹ bá sì pín ìyẹn sí ìpele mẹ́sàn-án, ìpele kọ̀ọ̀kan kò tó mìlímítà 4. Inú àyè bíńtín yẹn ni ewé òdòdó, ìlà àti àmì tóótòòtó ti máa fún ara wọn pọ̀. Íǹkì kì í sì í dúró síbi tí a fi í sí gẹ́lẹ́: abẹ́ ìpele awọ tó máa ń ṣí ni ó ń wà, bíi mìlímítà 1 sí 2 sí ìsàlẹ̀, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, ìlà á máa nípọn sí i. Obìnrin kan wá bá mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn pẹ̀lú máńdálà ọrùn ọwọ́ tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Ó fi fọ́tò bí ó ti rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ hàn mí, mo sì wo ọwọ́ rẹ̀, àbàwọ́n dúdú kan ni mo rí. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i ju kí n bò ó mọ́lẹ̀ lọ.

Ẹ mú ìpele mẹ́rin, kí ewé òdòdó rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ tàbí méjìlá, kí ìlà rẹ̀ nípọn, kí àlàfo sì wà láàárín wọn. Lára aláwọ̀ dúdú, íǹkì funfun kì í funfun, nítorí abẹ́ àwọ̀ tiwa ló ń wà, àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ náà sì máa ń sọnù. Ẹ jẹ́ kí awọ ara tí a kò fọwọ́ kàn ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú àwòrán náà. Ẹ rántí kóló tí olóólà ń kọ sára àwọn ìyá wa àtijọ́, tí wọ́n sì ń fi dúdú pa: títí di ọjọ́ ogbó ni ènìyàn fi ń rí i kedere.

Bí ẹ bá ti rí àwòrán, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lára yín gan-an. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì láàárín, ẹ gbé e sójú iná, kí ẹ wò ó bóyá ìlà ìhà kan bo ti ìkejì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ sì rìn sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta. Ohun tí ẹ kò bá rí mọ́ láti ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ ní láti mọ ohun tí ẹ ń gbé sára pẹ̀lú. Àwọn Híńdù àti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ni máńdálà, ohun ìjọsìn ni. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Tibet a máa fi yanrìn aláràbarà tò ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n á sì gbá a pọ̀ dà sínú omi tó ń ṣàn, láti fi hàn pé kò sóhun tó wà títí. Bí tiyín bá jẹ́ ewé òdòdó lótọ́ọ̀sì, tó fara jọ òṣíbàtà wa, àti àwọn ìlà lásán, n kò rí i gẹ́gẹ́ bí àfojúdi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àmì Om, ọ̀rọ̀ mímọ́ wọn, tàbí àwòrán òrìṣà wọn sí àárín rẹ̀ nítorí pé ó rẹwà, pàápàá bí ẹ bá yí ọkàn padà sí itan tàbí ẹsẹ̀, tí wọ́n kà sí ibi tí kò yẹ ohun mímọ́. Ní ọdún 2014, orílẹ̀-èdè Sri Lanka lé arìnrìn-àjò obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà sílé, nítorí àwòrán Búdà lórí òdòdó lótọ́ọ̀sì tó yà sí apá rẹ̀.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ojú yín ni wọ́n ti tú abẹ́rẹ́ tuntun. Bí ẹ bá máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, oṣù mẹ́rin ni ẹ óò fi dúró lẹ́yìn tátúù náà. Ní ti iṣẹ́ yín, ọgbẹ́ gidi ni tátúù tuntun, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ojú rẹ̀ fi ń jinná, apá yín kò sì gbọdọ̀ ní aṣọ lórí lọ́dọ̀ aláìsàn. Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ óò yà á sí ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi yín.