Ọkọ mi fara pa lórí, ó ti di ẹni tí í jókòó sójú kan: kí ni mo lè ṣe nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì rèé tí ọ̀kadà gbé ọkọ mi ṣubú lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n forí sọlẹ̀. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn jẹun, ṣùgbọ́n bí n kò bá ní kí wọ́n wẹ̀, wọn kò ní wẹ̀. Ohun tí mo bá sọ láàárọ̀, wọn á ti gbàgbé kó tó di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ kékeré, ìbínú ńlá. Obì gbàǹja ni wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀. Ẹbí ní ọ̀lẹ ni. Kò sì sówó ọkọ̀ tí a ó fi máa lọ ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. (Ìyá Ṣadé, Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Ìyá Ṣadé, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ bá mi sọ fún ẹbí pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Iwájú ọpọlọ ló ń ti èèyàn sídìí iṣẹ́, òun náà ló ń kó ìbínú níjàánu, ibẹ̀ sì wà lára ibi tó sábà máa ń fara gbá tí orí bá gbálẹ̀. Bàbá Ṣadé lè mọ̀ pé ó yẹ káwọn wẹ̀, kí wọ́n ṣì jókòó. Ohun tí yóò gbé wọn dìde ni kò sí.

Ọdún méjì kò pẹ́ jù. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara máa ń yá jù, òótọ́ ni, àmọ́ èèyàn ṣì lè kọ́ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ ni ìdánwò. Gbogbo ilé ló ń ṣe é: "Ta ló wá kí yín lánàá? Ẹ rò ó dáadáa." Ẹni tí kì í rántí nǹkan, tó bá méfò tó sì ṣì í, àṣìṣe yẹn gan-an ló máa ń dúró sí i lórí, torí kò ní rántí pé ẹnì kan tún un ṣe. Bó bá dọ̀la, òun náà ni yóò tún bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ná: "Ẹ̀gbọ́n yín láti Ìpẹru ló wá." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ bi wọ́n. Bí wọ́n bá gbà á, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó tún bi wọ́n, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fẹ́ méfò, ẹ yára sọ ọ́.

Obì tí ẹ dárúkọ yẹn ni n ó fi ṣètọ́jú. Ó wù mí ju bọ́ọ̀lù rọ́bà tí àwọn kan ń fún aláìsàn tẹ̀ lọ. Kí obì ti wà nínú omi láti àná, kí èèpo funfun rẹ̀ ti rọ̀. Ìjókòó kan náà lójoojúmọ́, láàárọ̀ tí ara ṣì le: bàsíà obì lápá òsì, apẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bíbó nìkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fi ọwọ́ yín darí tiwọn, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń bó o láìjẹ́ pé ẹ là ẹnu ni kí ẹ tó fi fífọ̀ kún un. Ẹ pa rédíò. Bí ó bá ti tó ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n sinmi, kódà bí wọ́n bá ní kò rẹ àwọn. Ó tètè máa ń rẹ ọpọlọ tó ti fara pa, ibẹ̀ sì ni ìbínú ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti wíwẹ̀, ẹ jẹ́ kí fóònù máa dún ní aago kan náà, kí ọṣẹ àti táwẹ́ẹ̀lì ti wà lórí àga. Bó bá jẹ́ fóònù ló pè wọ́n, ìjà yóò dín kù.

Ẹ kò nílò ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Ọlábísí Ọnàbánjọ tó wà ní Ṣàgámù níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó máa ṣe nílé fún oṣù mélòó kan. Ẹ ní kí dókítà wò ó bóyá ìbànújẹ́ ọkàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí òun náà ń mú èèyàn jókòó sójú kan, ó sì ní oògùn.

Kí wọ́n má fẹnu kan ògógóró tàbí párága. Wárápá lè yọjú kódà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí wọ́n bá ti ń lo oògùn rẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí orí bá ṣàdédé ń fọ́ wọn gan-an, tí wọ́n ń bì, tí apá kan rọ, tàbí tí oorun wọn kọjá bó ṣe yẹ, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé wọn lọ.