Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti ṣọ́ọ̀bù: ohun tí mo rí nídìí ọkọ̀

Ẹ ní èwo ló ń ba àyíká jẹ́ jù nínú kí èèyàn rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti kó lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wa ọkọ̀ tó ń gbé ọjà lọ bá oníbàárà nílé fún ọdún mélòó kan, nítorí náà mo lè dá sí i.

Ọkọ̀ tí ẹrù kún inú rẹ̀ bámúbámú, tó ń já a sílẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé ládùúgbò kan náà, kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Epo tó jó, ọ̀pọ̀ ilé ló jọ pín in. Ẹni tó wa mọ́tò jáde nítorí bàtà kan ṣoṣo ló dá gbogbo èéfín tirẹ̀ rù. Lítà epo bẹntiróòlù kan tó bá jó, carbon dioxide, ìyẹn gáàsì tó ń mú kí ayé gbóná sí i, tó ń tú sáfẹ́fẹ́ tó kílò 2.3 (ó wúwo ju epo náà fúnra rẹ̀ lọ, torí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ọn). Ìrìn kúkúrú tún burú sí i, torí ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná máa ń mu epo gan-an.

Àmọ́ kí ẹ̀yin tó ń fi fóònù rajà má tíì pàtẹ́wọ́. Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá ti ṣèlérí pé ọjà á dé lónìí, kò sẹ́ni tó máa dúró kí ọkọ̀ kún mọ́. Mo ti gbé páálí bíi mélòó kan lọ sí òpópónà tí mo ti lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Tí mi ò bá bá ẹnikẹ́ni nílé, ó di kí n tún padà lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọjà tí wọ́n ń dá padà, aṣọ àti bàtà pàápàá. Ẹnì kan á ra aṣọ kan náà ní ìwọ̀n mẹ́ta, á mú ọ̀kan, á ní ká wá kó méjì. Ṣé ẹ rò pé orí pẹpẹ ni gbogbo wọn ń padà sí? Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tún un dì, owó iṣẹ́ yẹn sì máa ń ju èrè orí rẹ̀ lọ nígbà míì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta àwọn kan lọ́pọ̀, tí àwọn míì sì ń dé ààtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀ wọ́n rí.

Tí ẹ bá lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù, tàbí tó wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín, ẹ lọ rà á níbẹ̀. Tó bá jìnnà, ẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ rà jọ, kí ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má kánjú gbà á, kí ẹ sì wọn ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó ra bàtà. Ní ti ẹni tó wa mọ́tò lọ wọ aṣọ wò ní ṣọ́ọ̀bù, tó wá padà sílé lọ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí pé owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín, èéfín méjèèjì ni ká kọ sí i lọ́rùn.