Ṣé òótọ́ ni pé ìjì òkun Àtìláńtíìkì ò le lọ́dún 2013? Kí ló fà á?

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ ni. Ìjì tí wọ́n fún lórúkọ jẹ́ 13, ṣùgbọ́n 2 péré ló di hurricane, ìyẹn ìjì òkun tó le gan-an, Humberto àti Ingrid. Kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ láti 1982, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ní ìjì máa pọ̀ gan-an.

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà lára ohun tó fà á. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń fún ìjì lágbára, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkè gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin. Ṣé ẹ mọ eruku ọyẹ́ tó máa ń bo gíláàsì mọ́tò wa ní Ṣágámù tó bẹ́ẹ̀ téèyàn fi lè fìka kọ orúkọ sí i? Aṣálẹ̀ Sàhárà tó ń kó o wá náà ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku sórí òkun láàárín ọdún. Tó bá ti wọ inú ìkùukùu tó fẹ́ di ìjì, ṣe ni ìkùukùu ọ̀hún á tú ká.

Síbẹ̀ Ingrid pa èèyàn ní Mẹ́síkò, ó dùn mí gan-an. Ní ti Amẹ́ríkà, Andrea nìkan ló wọ ilẹ̀ wọn, ní Florida nínú oṣù Júùnù, kò sì di hurricane.