Nọ́ńbà ara páálí ọta kì í ṣe ti ìbọn kúkúrú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Òwu ni ilé bàbá mi, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ní Texas. Mo ń sin ewúrẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, ejò sì pọ̀ níbẹ̀. Mo ra rìfọ́fà kékeré kan, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, ọta .22 ló ń lò, ọ̀pá rẹ̀ kò ju íńṣì méjì lọ, ìwé rẹ̀ sì pé. Ọta wo ló sáré jù tí mo lè rà sí i? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra èyí tí wọ́n kọ 1,640 sí lára, pé eré ọta ni agbára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, bàbá mi ń ṣọdẹ lọ́nà Ọbáfẹ́mi. Ṣé mo lè gbé irú rẹ̀ bọ̀ fún wọn ní Kérésì?

Ìdáhùn: Ẹ̀yìn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n wà. Rárá, ẹ ò lè gbé e bọ̀. Ẹ má gbìyànjú ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín dì í sínú àpótí ìrẹsì. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ni rìfọ́fà àti ìbọn ìléwọ́ gbogbo wà, níbi tí wọ́n ka àgbá ogun, bọ́ǹbù àti rọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá. Ìbọn ìbílẹ̀ tí àwọn ọdẹ ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu wà ní ìpín kẹta, ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń gba ìwé tirẹ̀. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé "ṣùgbọ́n bí ó bá kéré, kò burú." Gbígbé e jáde ní Amẹ́ríkà láìgbàṣẹ náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni lọ́hùn-ún. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, alágbẹ̀dẹ ìbọn ni mí. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà, ẹ san owó rẹ̀, ohun kan náà ló máa sọ fún yín.

Ó yá, ká wá sórí ọta.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tún ìbọn ṣe ní Houston kí n tó padà wá jókòó sí Ìbàrà. Títí di òní, kò sí oṣù tí ẹnì kan kò ní bi mí ní ìbéèrè yìí, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń nà sí mi: eyí tó wà lára páálí. Ẹ bi mí ní ọta tó sáré jù. Èyí tí kì í kọ̀ ló yẹ kí ẹ bi mí.

1,640 tí ọ̀rẹ́ yín rí, ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Irọ́ kọ́. Àwọn tó ṣe ọta náà wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé inú kí ni wọ́n ti yìn ín. Ọ̀pá ìdánwò tí wọ́n máa ń lò fún irú ọta báyìí gùn tó íńṣì 24, bíi ti ìbọn tí èèyàn ń gbé lé èjìká. Tiyín jẹ́ íńṣì méjì. Ṣé ẹ ti wọ mọ́tò láti Kútọ̀ lọ sí Sápọ́n? Wọ́n kọ 220 sí ojú dáṣíbọọ̀dù rẹ̀. Ta ló ti rí i kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan 220 kó tó dé Sápọ́n? Mọ́tò kò bàjẹ́, ọ̀nà ni kò gùn tó.

Bó ṣe rí nínú ìbọn nìyẹn. Ẹ̀tù kì í ti òjé, ìyẹn orí ọta tó ń fò jáde, lẹ́ẹ̀kan kó dẹ́kun. Bó ṣe ń jó ni afẹ́fẹ́ gbígbóná rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn, tì í, tì í, níwọ̀n ìgbà tí òjé bá ṣì wà nínú ọ̀pá. Ní íńṣì méjì, òjé ti jáde kí ìtì náà tó parí. Ìyókù agbára náà, inú afẹ́fẹ́ ló lọ. Rìfọ́fà tún ní àléébù tirẹ̀: ilé ọta tó ń yí náà kò lẹ̀ mọ́ ọ̀pá típẹ́típẹ́, àlàfo tín-ín-rín kan wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ náà sì ń gba ibẹ̀ sá. (Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi ìka sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ láé.)

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà mi kan yin irú ọta eléré yìí ní pápá ìyìnbọn, ìbọn rẹ̀ kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Iná tó yọ lẹ́nu rẹ̀ gùn ju ọ̀pá ìbọn lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ wo agbára!" Mo tẹ́ bébà funfun kan sílẹ̀ níwájú ẹnu ìbọn, mo ní kó tún yìn ín. Nígbà tá a gbé bébà náà sókè, hóró ẹ̀tù tí kò jó wà lórí rẹ̀ káàkiri bí ata gígún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná tó ń jó lẹ́yìn ìkòkò kì í se ẹ̀wà." Ó ti ń ra páálí ọta yẹn láti ọdún méjì, ìlọ́po méjì owó tèmi ló ń san.

Ẹ tún lè ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é. Federal, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà, ní ọta .22 kan tí wọ́n ń pè ní Punch, 29 gíréènì, ìbọn kúkúrú gan-an ni wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é. Gíréènì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n òjé, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú páùnù kan. Àwọn fúnra wọn kọ nọ́ńbà méjì síta fún un: 1,650 bí ìbọn bá gùn, 1,070 bí ọ̀pá bá jẹ́ íńṣì méjì. Ọta kan náà o. 580 ti wọlẹ̀, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ọta tí wọ́n ro ti ìbọn kúkúrú mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é nìyẹn. Èyí tí ọ̀rẹ́ yín ń polówó, ta ló ro ti ìbọn yín mọ́ ọn?

Ohun tó tún ń bí mi nínú níbẹ̀ ni ọta tí wọ́n dá ihò sórí. Wọ́n ní bó bá wọ nǹkan, orí rẹ̀ á là bí òdòdó. Òótọ́ ni, bí eré rẹ̀ bá tó. Nínú ìbọn íńṣì méjì, ó sábà máa ń lọ láìlà rárá, a jẹ́ pé ẹ san owó ihò lásán. Ìgbà tó bá sì là, eré tó kù kò tó láti gbé e wọlé jìnnà. Nítorí náà, kìkì òjé ni mo máa ń sọ fún àwọn oníbọn kúkúrú, 40 gíréènì, olórí róbótó, tí wọ́n fi bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bò. Mini-Mag ti ilé iṣẹ́ CCI wà ní irú bẹ́ẹ̀, 1,235 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ (ẹ ti mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn wàyí). Èmi kì í ṣe aṣojú wọn, irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ìdí tí mo fi ní kí bàbà bò ó ni pé òjé lásán máa ń fi ọ̀rá àti ìdọ̀tí sílẹ̀. Ilé ọta á rọra dí, lẹ́yìn bí àádọ́ta, ẹ ó máa fi àtàǹpàkò ti ọta wọlé bí ẹni ń ti kọ́ọ̀kì bọ ìgò.

Wàyí o, ti kíkọ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí òun gan-an ni ìdáhùn yín.

Irú ọta yín ni wọ́n ń pè ní rimfire. Èròjà tó ń tanná sí ẹ̀tù kò sí láàárín ìdí rẹ̀ bíi ti àwọn ọta ńlá, etí ìdí rẹ̀ tó rọ̀gbà yípo ló wà, nínú ìkarahun idẹ. Ṣe ni wọ́n ń yí i nígbà tó ṣì tutù kó lè tàn dé gbogbo etí. Bí ibì kan kò bá gbà tó, tó wá jẹ́ ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ìbọn lù, ẹ ó gbọ́ "kẹ́ẹ́" lásán. Kò sí ilé iṣẹ́ tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Mo ti ka méjì, mẹ́ta nínú àádọ́ta lára ọta olówó pọ́ọ́kú. Abẹ́rẹ́ ní láti tẹ etí idẹ yẹn wọlé dáadáa, ìdí nìyẹn tí tìrígà rìfọ́fà .22 fi máa ń le. Àwọn kan á gbé e tọ alágbẹ̀dẹ ìbọn lọ pé kó bá wọn dẹ sípíríǹgì rẹ̀, tìrígà á rọ̀ lóòótọ́, ìbọn á sì di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo pàdánù oníbàárà torí ẹ̀, mi ò kábàámọ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ ra oríṣi mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, kí ẹ lọ sí pápá ìyìnbọn, kí ẹ di etí yín (ìbọn kékeré yìí ń dún ju bó ṣe rí lọ), kí ẹ fi awò dáàbò bo ojú yín náà. Ẹ máa ka èyí tó bá kọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi àfojúsùn, kí ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má tún tìrígà fà lójú ẹsẹ̀: bí ẹ bá fà á, ilé ọta á yí, èyí tó kọ̀ á kúrò níwájú ọ̀pá, bó bá wá jẹ́ pé ṣe ló ń pẹ́ kó tó dún, ibi tí kò ti sí ọ̀nà àbájáde ló máa dún sí. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́, ẹ wo etí ìdí rẹ̀ nínú oòrùn. Bí àpá abẹ́rẹ́ bá jinlẹ̀, ọta ló lẹ́bi. Bó bá kàn fara ha ibẹ̀, ìbọn yín ni, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó níwèé iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá dún "pọ̀" bí ẹni tó rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró pátápátá. Òjé rẹ̀ lè há sínú ọ̀pá, òmíràn tí ẹ bá sì yìn tẹ̀lé e lè fọ́ ìbọn náà lójú yín.

Oríṣi tí kò bá kọ̀ rárá, tí ó sì ń bá ibi tí ẹ fojú sùn, òun ni ọta yín. Bó jẹ́ èyí tó lọ́ra jù ló bọ́ sí, ẹ rà á.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn náà pẹ̀lú. Ẹ kàn kọ ".22" sí mi. .22 Long Rifle, tó ti wà láti 1887, àti .22 Magnum, tí ilé iṣẹ́ Winchester gbé jáde ní 1959, kì í ṣe ọta kan náà. Long Rifle á wọnú ilé Magnum wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, ìyẹn ló burú níbẹ̀: ilé náà fẹ̀ jù ú lọ, ìkarahun á wú, á fàya, iná á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó yìn ín. Bí wọ́n bá ta ilé ọta méjì mọ́ ìbọn yín, ẹ kun ọ̀kan ní ọ̀dà pupa kí ẹ má baà ṣì wọ́n gbé.

Ejò ńkọ́? Òjé kan ṣoṣo láti ìbọn íńṣì méjì sí orí ejò tó ń yí, tí ọkàn yín sì ń lù kìkì, ẹ kò ní bà á. Òkúta ni ẹ ó bà, òjé á sì ta padà. Ọta wẹ́wẹ́ wà fún .22, òjé inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Ó wúlò bí ejò bá sún mọ́ yín, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, márùn-ún. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ó ti fọ́n ká. Ṣùgbọ́n ejò tó sún mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ló yẹ kí ẹ máa rìn sí. Èyí tó ń mirù bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní Texas lọ́hùn-ún ṣáà ń sọ fún yín pé òun wà níbẹ̀. Bàtà aláwọ tó ga dé ojúgun àti tọ́ọ̀ṣì á gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ju páálí ọta mẹ́wàá lọ. Bó bá bù yín ṣán, ọsibítù tààrà, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró rẹ̀.

Ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé ìṣeré ọmọdé ni .22. Ó lè fò tó máìlì kan, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ewúrẹ́ yín kí ẹ tó yìn ín.

Ní ti Bàbá, tọ́ọ̀ṣì orí tó ní bátìrì tó dáa ni kí ẹ rà bọ̀ ní Kérésì. Gbogbo ọdẹ tí mo mọ̀ lọ́nà Ọbáfẹ́mi ló ń bẹ̀ mí pé kí n bá wọn wá a.