Ìbéèrè Òǹkàwé: Ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn ọ̀tọ̀, ẹ̀tọ́ láti rí ààbò ọ̀tọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Houston ni mò ń gbé, mo sì ní green card. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ni ìbọn jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ṣé ó kan èmi náà? Bí adigunjalè bá sì wọlé, tí mo pe ọlọ́pàá tí wọn ò yọjú, ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́?

Ìdáhùn: Ó kàn yín. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí H-1B, ìyẹn físà òṣìṣẹ́, ni òfin àpapọ̀ kà á léèwọ̀ fún, àfi bó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tàbí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, Fọ́ọ̀mù 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ìbọn, lẹ máa kọ́kọ́ kọ. Ẹ rí i pé àdírẹ́sì tó wà lára láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ yín bá ibi tí ẹ ń gbé mu, torí bí kò bá bá a mu, ẹ lè padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọlọ́jà á wá bi FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, léèrè: wọ́n lè ní kó tà á, kó má tà á, tàbí kó ṣì dúró. Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, òfin àpapọ̀ gbà á láyè láti tà á. Ẹ má purọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń lé ẹni tó ní green card kúrò nílùú.

Ti ọlọ́pàá ló le: ó ṣòro láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Oríṣi ẹ̀tọ́ méjì ló wà: “má dí mi lọ́wọ́” àti “ṣe é fún mi”. Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin àgbà Amẹ́ríkà, ti ọdún 1791, tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ìbọn, wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Nínú ẹjọ́ Heller lọ́dún 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní èèyàn lè fi ìbọn ìléwọ́ sílé láti gba ara rẹ̀. Wọn ò sọ pé kí ìjọba ra ìbọn fún ẹnikẹ́ni, tàbí kó bá a ṣọ́lé.

Ẹ wo ẹjọ́ Castle Rock, ìlú kan ní Colorado. Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, obìnrin kan ní ìwé ilé ẹjọ́ tó lé ọkọ rẹ̀ jìnnà sí òun àti àwọn ọmọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé kí ọlọ́pàá mú ẹni tó bá rú u. Ọkọ kó ọmọbìnrin wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ níwájú ilé. Láti nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni ìyá ti ń pe ọlọ́pàá. Wọ́n ṣáà ń ní kó ní sùúrù. Lẹ́yìn aago mẹ́ta òru, ọkọ yìnbọn ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì pa á. Òkú àwọn ọmọ wà nínú mọ́tò rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló ra ìbọn ọ̀hún.

Ní 2005, onídàájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ìwé òfin àgbà ò fún ìyá náà ní ẹ̀tọ́ tó lè fi pe ìlú náà lẹ́jọ́.

Àwọn olùfẹ́ ìbọn ní: bí kò bá di dandan fún ìjọba láti dáàbò bò mí, kó má gba ohun tí mo fi ń dáàbò bo ara mi lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ wọn nítumọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ tó pa àwọn ọmọ yẹn náà rí ìbọn rà, ohun tó dùn wá jù nìyẹn. Nínú ẹjọ́ Rahimi lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà gbà pé wọ́n lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí adájọ́ ti rí i pé ó léwu fún ìyàwó tàbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ ni mí ní Ṣakí. Nàìjíríà tiwa ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò sí ẹ̀tọ́ ìbọn nínú ìwé òfin 1999, ìyọ̀ǹda ni. Òfin ìbọn ti 1959 ní kí ṣakabùlà pàápàá ní ìwé tirẹ̀. Ọwọ́ ọlọ́pàá ni ti ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì wà; ti ìbọn ìléwọ́ di ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Gómìnà ò lè fúnni, torí ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ọ̀rọ̀ ohun ìjà, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti há láti 2020. Abala 14 ìwé òfin 1999 ní ààbò aráàlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ abala 6 ò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe.

Orúkọ ẹni ni ìwé àṣẹ ń tẹ̀ lé. Bí bàbá yín bá fi ìbọn sílẹ̀, ìwé rẹ̀ ò di tiyín: ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ẹ gba ìwé pé ẹ ti fà á lé wọn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tiyín.