Ọmọ mi ń pe ìyá àgbà ní "they": ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ ìyá kan ní Hamburg

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8, ti wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Kubwa, Àbújá. Oṣù Kẹsàn-án ni yóò wọ Primary 4 níbẹ̀. Yorùbá la máa ń sọ nílé láti kékeré rẹ̀, èdè Jámánì ló fi kàwé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ Hausa àti pidgin sí i, òun náà sì ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kọ sí mi lórí WhatsApp nìyí: "Grandma is in the room, they are sleeping. The Chair is old, he is broken. Tomorrow go we to market. Like you mango?"

Tíṣà tó ń wá kọ́ ọ nílé ti fún un ní àtẹ arọ́pò-orúkọ, ó sì ti kọ́ ọ sórí. "I, me, my, mine", kò sí èyí tí kò lè kà. Síbẹ̀, bó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú. Ìṣẹ́jú 20 ni mo lè fi bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò lálaalẹ́. Kí ni kí n fi ṣe? Ẹnìkan tún ní kí màmá mi má sọ Yorùbá sí i mọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì lè tètè wọlé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn, láti ọwọ́ bàbá kan ní Dublin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá dá Yorùbá dúró. Ẹ máa rí i láìpẹ́ pé Yorùbá wà lára ohun tí ọmọ náà máa fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Gbólóhùn tó kọ yẹn kì í ṣe àṣìkọ lásán. Ó ń yá nǹkan lò láti inú èdè méjì tó ti ní. Ọ̀wọ̀ tó fún ìyá àgbà, láti inú Yorùbá ló ti mú un: "wọ́n ń sùn". Àga tó pè ní "he", Jámánì ni, torí pé akọ ni àga lọ́dọ̀ wọn. "Tomorrow go we" àti "Like you mango", Jámánì náà ni. Yíyá kò burú. Ohun tó kù ni kó mọ èyí tó yẹ kó yá níbi tó yẹ: Yorùbá fún bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, Jámánì fún he àti she tó bá jẹ́ ènìyàn, kò sì gbọdọ̀ yá ìkankan nínú méjèèjì tó bá kan nǹkan aláìlẹ́mìí.

Ẹ jẹ́ kí tíṣà gbé àtẹ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìlà ìbú 7 ló ní, ìlà òòró 5, ọmọ sì ń kà á ní ìbú: I, me, my, mine, myself. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kò sí ìgbà tí "I" àti "my" ń du àyè kan náà nínú gbólóhùn. Nígbà tí ọmọ bá la ẹnu, àárín he, she, it àti they ló ti fẹ́ mú ọ̀kan, òòró sì ni àwọn yẹn wà. Nítorí náà, òòró ni kí ẹ máa kọ́ ọ. Ìlà òòró àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ ti olùwà, ni kó kọ́kọ́ mọ̀: I, you, he, she, it, we, they. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí yóò fi máa gba 9 nínú 10 láìronú púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ sí ti àbọ̀: me, you, him, her, it, us, them. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni my, your, his, her, its, our, their. Mine, yours àti myself lè dúró di sáà kejì ní oṣù Kíní.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é lórí fídíò rèé. Kí ọmọ gbé fóònù màmá rìn yíká ilé, kó tọ́ka sí nǹkan 10: mẹ́rin tó jẹ́ ẹyọ kan, mẹ́ta tó jẹ́ ènìyàn, mẹ́ta tó ju ẹyọ kan lọ. Gbólóhùn méjì ni kó sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ nínú èkíní, arọ́pò-orúkọ nínú èkejì. "This is the kettle. It is hot." "These are my slippers. They are wet." Tó bá ṣì í, ẹ má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ fi Yorùbá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ẹ má sì yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn padà. Ẹyọ kan ni àbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, they ni, ìbéèrè ti parí. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ènìyàn ni àbí nǹkan? Tó bá jẹ́ nǹkan, it ni, ó parí. Ẹ̀yìn èyí la tó ń béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tí ìbéèrè ọkùnrin tàbí obìnrin bá ṣíwájú, ọmọ á máa wá akọ àti abo kiri lára àga.

Lórí àga yìí, ẹ ṣọ́ra, torí pé Hausa tó ń gbọ́ ní àdúgbò lè tún dá kún un. Àga kan náà tí Jámánì pè ní akọ, abo ni lọ́dọ̀ àwọn Hausa: kujera (àga) ń gba "ta", arọ́pò-orúkọ abo wọn, mota (ọkọ̀) náà ń gba "ta". Pidgin ní tirẹ̀ kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin, bíi ti Yorùbá wa: "e don come" lè jẹ́ bọ̀dá, àǹtí tàbí bọ́ọ̀sì. Ẹ má bá a jà lórí ìkankan nínú wọn. Kó kàn mọ̀ pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan tí kò lẹ́mìí, it ni. Ẹranko náà, it ni, àyàfi tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n bí ọmọ ilé, bí ajá tí ẹ sọ lórúkọ.

Ti ìyá àgbà gba àlàyé pẹ̀lẹ́tù, màmá fúnra wọn sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ọmọ tí a ti kọ́ ní ọ̀wọ̀ kò ní fẹ́ràn láti pe àgbà ní "she". Ẹ sọ fún un pé arọ́pò-orúkọ kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. "You" kan náà ni fún ọmọdé, fún àgbà, fún ẹyọ kan àti fún ọ̀pọ̀. Ibòmíràn ni ọ̀wọ̀ ń gbà wọlé: "Good morning, ma", "Please, sir". Ní Àbújá, ọmọ tí kò fi "ma" kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí tíṣà ni wọ́n á kà sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tó máa bínú pé ó ní "she is sleeping". Kí màmá gbọ́ ọ, kí wọ́n sì gbà á láyè.

Tí ẹ bá dé orí his àti her, àṣìṣe kan wà tí ẹ máa rí. Ọmọ á sọ pé "The boy and her mother", torí pé ìyá jẹ́ obìnrin. Yorùbá ní "ìyá rẹ̀" fún méjèèjì, kò sí ohun tó kọ́ ọ. Ìbéèrè kan ló ń tún un ṣe: "Ta ló ni ìyá náà?" Ẹni tó ni nǹkan là ń wò, a kì í wo nǹkan tí wọ́n ní. Ẹ ṣọ́ their náà, torí pé "ihr" kan ṣoṣo ni Jámánì fi ń sọ ti obìnrin kan àti ti ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí gbólóhùn. Níbí ni Yorùbá ti wúlò jù. "Lọ́la, a máa lọ sí ọjà." Ẹ ní kó fi ìka ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó wá fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò wọn: "Tomorrow we will go to the market." Olùwà ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe nínú méjèèjì, ohun yòówù kó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Jámánì ló ń gbé ọ̀rọ̀-ìṣe fò síwájú olùwà. Bákan náà ni "torí pé ó ń ṣàìsàn" bá "because she is sick" lọ, nígbà tí ọmọ tó bá ń ronú ní Jámánì á kọ "because she sick is". Nítorí náà, gbogbo gbólóhùn alálàyé tó bá fẹ́ kọ, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá ná. Ibi tí kò ti gbọdọ̀ tẹ̀lé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe: "ilé ńlá" ni tiwa, "big house" ni tiwọn.

Ìbéèrè ló máa gba àkókò yín jù. "Like you mango?" wá láti inú Jámánì. Ẹ sọ fún un pé ibi tí "Ṣé" ń dúró sí ni "Do" ń dúró sí. "Ṣé o fẹ́ràn máńgòrò?" "Do you like mangoes?" Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Ṣé kì í yí padà, Do ń yí.

Ẹ ní kí màmá bá a gé páálí pélébé mẹ́fà. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún: "do", "she", "like", "mangoes", àti àmì ìbéèrè. Kí ẹ̀kẹfà kéré gan-an, kó jẹ́ "s" nìkan. Kí ọmọ to "she like" síwájú, kó fi s ti like lẹ́yìn, kó fi mangoes parí i. "She likes mangoes." Tó bá fẹ́ béèrè, kó gbé do síwájú she, kó yọ s kúrò lára like, kó fi lé do lórí. Tó bá ń kọ ọ́ sínú ìwé, e á wọ àárín wọn, á di does: "Does she like mangoes?" Páálí s kan ṣoṣo ló wà, kò lè wà níbi méjì. Àṣìṣe "Does she likes", tí àgbàlagbà pàápàá ń ṣe, kò ní rí àyè wọlé. Tó bá di ti àná, irú ọgbọ́n kan náà ni: do ti di did, àmì àná ti wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe á padà sí bó ṣe wà. "Did you go?" ni, kì í ṣe "Did you went?" Tí "not" bá wọ ọ̀rọ̀, do kan náà ló ń gbé e: "She does not like it", torí pé "She likes not" tún jẹ́ Jámánì.

Gbólóhùn tó bá ti ní am, is, are, was, were, can, will tàbí must kò nílò do. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fò síwájú olùwà: "Is she sleeping?" "Can we go?" Níbí, àṣà Jámánì rẹ̀ tọ̀nà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré páálí, ẹ máa bi í pé, "Ṣé ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀?" Bó bá wà, kó gbé e. Bí kò bá sí, kó pe do.

Who àti where máa ń da ọmọ Jámánì láàmú, torí pé "wer" lọ́dọ̀ wọn ni ta ni, "wo" sì ni níbo. Etí ń gbọ́ ọ ní ìdàkejì. Ẹ so wọ́n mọ́ àwòrán, ojú ènìyàn fún who, ilé fún where, ẹ má ṣe é nípa ìtumọ̀.

Ẹ kọ́ ọ ní ìdáhùn kúkúrú pẹ̀lú ìbéèrè, torí ibẹ̀ ni arọ́pò-orúkọ ti ń wọ ara: "Yes, she does." "No, they aren't." Ọ̀kan wà tó máa ń fa ìjà pẹ̀lú tíṣà. Tí wọ́n bá bi í pé "Haven't you eaten?" tí kò sì tíì jẹun, Yorùbá inú rẹ̀ á ní "Bẹ́ẹ̀ ni", á sì dáhùn pé "Yes". Tíṣà á gbà pé ó ti jẹun. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ṣẹlẹ̀ là ń dáhùn: kò tíì jẹun, "No, I haven't."

Gbólóhùn àṣẹ rọrùn, àyàfi ibì kan. "Ẹ jókòó" tí ọmọ bá túmọ̀ á di "You sit down", ìyẹn sì le létí gan-an, pàápàá sí àlejò. Olùwà kì í hàn nínú gbólóhùn àṣẹ: "Please sit down, ma." Ní ti gbólóhùn ìyanu, ó tó kó mọ̀ pé "How hot it is!" jẹ́ ìyanu, "How hot is it?" jẹ́ ìbéèrè, ipò it àti is ló yà wọ́n. Oòrùn Àbújá ní oṣù Kẹta á fún un ní àyè tó pọ̀ láti lo èkíní.

Lórí ìwé, kó má fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Jámánì. "Chair" tó kọ yẹn, lẹ́tà kékeré ni. Orúkọ ènìyàn àti ti ìlú, ọjọ́, oṣù àti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ló ń gba lẹ́tà ńlá. Àmọ́ "I" gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá níbikíbi tó bá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kékeré ni "ich" wọn.

Ẹ pín ìṣẹ́jú 20 yín báyìí: 5 fún rírìn yíká ilé, 10 fún páálí, 5 fún ọ̀rọ̀ lásán. Nínú ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn yìí, ẹ má tún ohunkóhun ṣe, ẹ kàn kọ àṣìṣe kan sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá ń dá a dúró ní gbogbo ìgbà, kò ní fẹ́ gbé fóònù mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi National Common Entrance dẹ́rù bà á nísinsìnyí. Primary 6 ni wọ́n ń ṣe ìdánwò yẹn tí NECO ń gbé kalẹ̀ fún ilé ìwé Unity ti ìjọba àpapọ̀, ó ṣì ju ọdún méjì lọ. Ohun tó yẹ kí tíṣà kíláàsì rẹ̀ mọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ni pé Yorùbá àti Jámánì ni ọmọ náà gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kúkúrú, ẹ fi àpẹẹrẹ àṣìṣe mẹ́rin yẹn sí i pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, kí màmá fi lé tíṣà lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.