Má tíì ra brain box o (ọkọ̀ tó ń kú tó bá gbóná)

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì. O ní Corolla 2004 ẹ máa ń kú tó bá ti gbóná, tó o bá sinmi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á tún stáàtì, o ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fún pulọ́ọ̀gì ní iná, mẹkáníìkì wá ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló kù, ṣé kó o ra tokunbọ. Má rà á. Èmi náà ti rà á rí, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìgbógbó níbí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bàtà ni ìyàwó mi ń tò lé e lórí.

Tèmi 2003 ni, ẹ́ńjìnnì kan náà. Orí afárá Májídùn ló ti kọ́kọ́ ṣe é, nǹkan bí aago méje alẹ́, òjò ń rọ̀. Kò húkọ́, kò gbọ̀n, ó kàn dákẹ́ wẹ́lo bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná. Stíárìn le bí igi, bíréèkì náà le, danfo tó wà lẹ́yìn mi ń tẹ họ́ọ̀nù bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó, kọ̀ndọ́ ẹ̀ yọrí síta, ó ní "Dádì, ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ sùn ni?" Èmi àti ọmọ kan tó ń ta gàlà la jọ tì í, ibi kan ṣoṣo tá a rí tì í sí ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà BRT, àfi bí àwọn aláṣọ ìjọba ṣe yọ látinú òkùnkùn. Mo ṣàlàyé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún wọn, mo ní ọkọ̀ ló kú o, ẹ wò ó, ẹnìkan nínú wọn ní òun kì í ṣe mẹkáníìkì. Wọ́n wọ́ ọ lọ. Nígbà tá a dé ọgbà wọn, ọ̀kan wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ oníràńù yìí sì stáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Gbogbo wọn wá ń wò mí bí òpùrọ́. Owó tí mo fi gbà á jáde tó ra kọ́ìlì gidi mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ n rántí.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé mẹkáníìkì mi mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó skáànù ẹ̀, P0335 ló gbé wá, ìyẹn ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì, tó ń sọ fún brain box bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Ó ra tuntun, páálí ń dán, ó dè é, ọjọ́ kẹta ọkọ̀ tún kú fún mi ní Ògólóńtó. Torí pé tuntun ni, kò sẹ́ni tó tún yẹjú wo ibẹ̀ mọ́. A pààrọ̀ pọ́ńpù epo. A pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì. A pààrọ̀ kọ́ìlì. Ẹnjiníà kan tó ní láptọ́ọ̀pù ńlá gbowó skáànù lọ́wọ́ mi, P0335 náà lòun náà kà, ó wá ní tá a bá ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, á jẹ́ pé brain box nìyẹn. Ká sòótọ́, kóòdù yẹn ò sọ pé nǹkan kan bàjẹ́ o, ohun tó ń sọ ni pé sígínà ò dé, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, ó lè jẹ́ wáyà ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá rewire kan ní Sábó ló gbà mí. Ó ní "Èwo lẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ nínú gbogbo ẹ̀?" Mo ní sẹ́ńsọ̀. Ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa, ó tan AC, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí tó fi kú, lójú ẹsẹ̀ ló ti wọ abẹ́ ẹ̀, ó tú ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀, ó ki mítà bọ̀ ọ́. Kò ka nǹkan kan. Ó fi àkísà tutù dì í, a ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, nígbà tó máa fi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá mítà ti ń ka bí 2,000 ohm, bó ṣe yẹ kó kà. Wáyà kọ́pà tín-ín-rín bí irun ló wà nínú ẹ̀, tó bá ti já díẹ̀, ooru á yà á, tó bá tutù á tún kanra. Tuntun inú páálí yẹn ló ń pa mí!

A lọ ra tokunbọ ojúlówó ní Owódé Onírin. Bàbá ò sanwó o, ó lọ sọ́dọ̀ mọ́là tó ń ta tíì, ó gba omi gbígbóná, ó fi nylon wé sẹ́ńsọ̀ náà, ó rì í sínú omi, ó ń wo mítà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló yege, àkọ́kọ́ dákẹ́ sínú omi. Ọlọ́jà náà ń bínú, ó ní ṣé ẹja la fẹ́ sè ni.

Tìẹ wá ńkọ́. Kọ́ìlì kan kì í sábà pa Corolla, ṣe ló máa ń jẹ́ kó gbọ̀n bí ẹni ń ti ẹsẹ̀ kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì ní ṣàdéédé kú pa pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò ni kó o wá: sẹ́ńsọ̀, fíúsì, ríléè, ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ sí, pọ́ńpù. Tó bá kú, má jẹ́ kó tutù, ibẹ̀ ni kó o ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tan kọ́kọ́rọ́, máa yí i, kó o wo ọ̀pá RPM, èyí tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí hàn. Tí ò bá mira rárá, sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń húkọ́, tó ń já kó tó kú, lọ wo ọ̀rọ̀ epo. Yíyọ sẹ́ńsọ̀ ò le, bóòtù nọ́ńbà 10 kan ló dè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pulley ìsàlẹ̀.

Ó tún kù o, ṣé o fi alárọ́ọ̀mù sí i? Àwọn rewire wa máa ń gé wáyà pọ́ńpù tàbí ti iná kọ́kọ́rọ́ láti so ó, wọ́n á fi téèpù lásán wé e, ibẹ̀ máa ń jó. Kọ́kọ́rọ́ tó o so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti ṣọ́ọ̀ṣì, tú u sílẹ̀, ó ń jẹ ojú switch. Àti kọ́ìlì tuntun tó o rà yẹn, tèmi gidi 90919-02239 ni wọ́n kọ sí i lára, wo tìẹ dáadáa. Tí skáànù bá ní P0301 (ìyẹn ni pé sìlíńdà 1 ò jó dáadáa), gbé kọ́ìlì 1 sí 2, tó bá di P0302, kọ́ìlì yẹn ni ọ̀daràn. Kó o sì gba ògbólógbòó ẹ lọ́wọ́ wọn, ó lè sàn ju tuntun lọ.

Tó bá wá jẹ́ pé brain box ló ṣì ń wù ẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, automatic ni tèmi, wá gbé e dánwò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ ni kó o bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ bàtà ẹ̀.